Orúkọ tí ìyàwó ilé ń pe ọmọ ọkọ: báwo ni a ṣe lè mú un wọ inú ìtàn?

Ọmọ Ajílété béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òǹkọ̀wé ẹlẹgbẹ́ mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, ìtàn gígùn kan ni mo sì ń kọ lọ́wọ́ nípa ọmọbìnrin kan, Àṣàkẹ́, tí wọ́n fi fún ọkọ láti ìlú wa níhìn-ín lọ sí agboolé àwọn ahunṣọ kan ní Ọ̀yọ́, ní ìgbà tí Ọ̀yọ́-Ilé ti tú, tí Aláàfin Àtìbà sì ti sọ Àgọ́ Ọ̀jà di Ọ̀yọ́ tuntun.

Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn inú ìtàn náà ni ó ń dà mí láàmú. Gbogbo wa mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Orúkọ mìíràn ni ó máa ń sọ wọ́n. Mo ti jẹ́ kí Àṣàkẹ́ sọ ọ̀kan ní Eyínfúnjowó, ó sọ èkejì ní Adúmáradán, ó sọ ẹ̀kẹta ní Agùntáṣọọ́lò, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe sọ gbogbo wọn títí ó fi kárí agboolé. Nígbà tí mo ka orí kìíní fún àwọn ọ̀rẹ́ mi kan tí wọ́n dàgbà sí Èkó, wọ́n ní àwọn kò mọ ẹni tí ń bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, nítorí pé ẹnì kan náà tí Àṣàkẹ́ ń pè ní Eyínfúnjowó ni ìyá rẹ̀ ń pè ní Àjọkẹ́, òun náà ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń pè ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ. Ọ̀kan nínú wọn gbà mí níyànjú pé kí n máa kọ ìtumọ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Ọkàn mi kò gbà á, ṣùgbọ́n n kò rí ọ̀nà mìíràn.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan tún wà lẹ́yìn ìyẹn. Kò sí aago ní agboolé náà. Kí ni ẹ̀yin máa ń lò dípò ‘agogo márùn-ún ìdájí’ nígbà tí ẹ bá ń kọ ìtàn ayé àtijọ́, tí kò fi ní í dà bí ẹni pé ẹ kàn ń ka orúkọ àwọn àkókò fún òǹkàwé ni?

Olùkọ́ Akẹ̀sán dáhùn:

Ọmọ mi, o kú làálàá. Má ṣe kọ ìtumọ̀ kankan sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Òǹkàwé tí ó bá ń wo ìsàlẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ìyàwó bá la ẹnu, ó ti kúrò nínú agboolé náà nìyẹn, kò sì dájú pé yóò padà.

Bí mo ṣe rí ọ̀rọ̀ náà, o ti fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní orúkọ tí wọn kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Ní ọ̀dọ̀ wa ní Ọ̀yọ́, ojú ni ìyàwó fi ń sọ ènìyàn lórúkọ. Ó dé, ó bá ọmọbìnrin kan tí eyín rẹ̀ funfun ju owó ẹyọ lọ, ó ní Eyínfúnjowó. Ó bá èyí tí ó pupa fòò, ó ní Apọ́nbéporẹ́. Ó rí ọkùnrin gíga tí aṣọ yẹ, ó ní Agùntáṣọọ́lò. Ọmọge tí ó tínrín, tí ìrìn rẹ̀ sì wu ènìyàn, di Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Nígbà tí ilé ìwé dé, ọmọ tí ń gbé síléètì kiri di Akọ̀wé, bí kò tilẹ̀ tíì lè kọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn pẹ́ ju ìgbà ìtàn tìrẹ lọ, má ṣe lò ó.

Alẹ́ ni wọ́n máa ń mú ìyàwó wọlé, wọ́n á sì wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ojú àwọn ará ilé náà dáadáa, nígbà tí ó bá jí láti gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá. Àárọ̀ yẹn ni kí o kọ. Ya odidi ojú ìwé mélòó kan sọ́tọ̀ fún un, kí Àṣàkẹ́ máa gbálẹ̀, kí àwọn ọmọ ọkọ máa kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó máa kí wọn, kí ó sì máa fi ojú ṣọ́ wọn. Jẹ́ kí òǹkàwé rí eyín kí ó tó gbọ́ orúkọ. Bí ó bá ti rí i báyìí lẹ́ẹ̀kan, ibikíbi tí Eyínfúnjowó bá ti yọjú lẹ́yìn náà, eyín yẹn ni yóò kọ́kọ́ rí, kò sì ní í béèrè ìtumọ̀ lọ́wọ́ rẹ.

Ṣùgbọ́n kíyè sí i pé kì í ṣe gbogbo ará ilé ni Àṣàkẹ́ gbọdọ̀ sọ lórúkọ. Ẹni tí wọ́n bí sínú ilé kí ìyàwó tó dé, ẹ̀gbọ́n ni ó jẹ́ fún un, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ìgbéyàwó. Ẹni tí wọ́n bí lẹ́yìn tí ó ti dé ni àbúrò rẹ̀, ó sì lè pe onítọ̀hún ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọmọbìnrin ilé pàápàá, ọkọ ni ó jẹ́ fún ìyàwó. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbọ́ ‘ọkọ mi obìnrin’ títí di òní. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, tí í ṣe ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yín níbẹ̀, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí gidigidi nínú ìwé tí ó gbé jáde ní 1997, tí ó fi hàn pé ìgbà tí ènìyàn wọ ilé ni wọ́n fi ń mọ àgbà láàárín àwọn Ọ̀yọ́, pé kì í ṣe jíjẹ́ akọ tàbí abo. Wo ohun tí òǹkọ̀wé lè fi èyí ṣe! Àwọn ọmọ méjì tí ìyá kan náà bí, tí ọdún méjì péré wà láàárín wọn, ìyàwó ń pe ọ̀kan ní Adúmáradán pẹ̀lú ìkúnlẹ̀, ó sì ń rán èkejì lọ ra epo ní ọjà. Kí àwọn ọmọ náà dàgbà tán, kí wọ́n máa du oyè tàbí ilẹ̀, kí o wá wo ẹni tí Àṣàkẹ́ yóò gbè lẹ́yìn.

Ní ti aago, iṣẹ́ ni kí o fi mọ àkókò. A ní ìdájí, àfẹ̀mọ́júmọ́, kùtùkùtù, ìyálẹ̀ta, ọ̀sán gangan, ìrọ̀lẹ́, àṣálẹ́ àti ọ̀gànjọ́, wọ́n sì tó lò. Ṣùgbọ́n bí o bá tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, wọn yóò dà bí aago náà ni. Kọ ọ́ pé àkùkọ ti kọ lẹ́ẹ̀kejì, pé ẹlẹ́kọ ti ń kiri, pé òjìji ti wọ abẹ́ ẹsẹ̀, pé àwọn ahunṣọ ti ń ká òfì wọn nílẹ̀. Kí o sì ṣọ́ra fún ọjọ́ ọjà. Àwọn bàbá wa máa ń ka ọjọ́ tí wọ́n wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn, nítorí náà ọjà tí wọ́n ń ná ní ọrọọrún, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni ó ń bọ̀ sí tí a bá fi ìkà òde òní kà á. Ìtàdógún pẹ̀lú, mẹ́tàdínlógún ni orúkọ rẹ̀ ń sọ, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni tiwa. Mo ti ka ìtàn kan rí tí òǹkọ̀wé rẹ̀ fi ọjọ́ kan kún ìrìn àjò gbogbo ènìyàn nítorí èyí, tí àwọn ará ọjà fi dé nígbà tí ọjà ti tú.

Ìyá Ìbejì láti Ìsàlẹ̀ Àfọ́n dáhùn:

Mo kí Olùkọ́ wa, ẹ kú ọgbọ́n. Gbogbo ohun tí ẹ wí ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan kún un, bóyá Ọmọ Ajílété yóò rí nǹkan mú níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin kan wà tí gbogbo agboolé ń pè ní Màmá Apọ́n. Nígbà tí a wà ní kékeré, a rò pé ‘àpọ́n’ ni wọ́n ń wí, ó sì máa ń yà wá lẹ́nu pé obìnrin tí ó lọ́kọ, tí ó bí ọmọ tí ó kún ilé, ni wọ́n ń pè ní àpọ́n. A tilẹ̀ hun ìtàn sí i láàárín ara wa, pé ó kọ́kọ́ kọ ọkọ títí ó fi dàgbà. Àwọn ìyàwó ilé ni wọ́n sọ ọ́ ní Apọ́nbéporẹ́ nítorí pé ó pupa. Ẹnu àwọn ọmọdé ni ó gé e kúrú, kò sì sí ẹni tí ó rántí ìyókù mọ́.

Ìgbà tí ó kú ni ọ̀rọ̀ wá di ariwo. Ọ̀dọ̀ atẹ̀wé ni wọ́n ti bi àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí ni orúkọ màmá wọn tí yóò wà lórí ìwé ìkéde. Èyí tí ó wà ní Ìlọrin sọ ọ̀kan, èyí tí ó wà ní Èkó ní irọ́ ni, pé orúkọ ìjọ nìyẹn, pé òun ń fẹ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé. Wọ́n wá káàdì tí ó fi dìbò, wọ́n rí i pé akọ̀wé tí ó kọ ọ́ ti kọ ‘Apọ́n’ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ bàbá rẹ̀. Wọ́n bá tọ ìyá àgbàlagbà kan lọ, òun nìkan ni ó kù nínú àwọn ìyàwó tí ó bá a gbé ilé náà. Ìyá ní òun mọ orúkọ náà dáadáa. Wọ́n ní kí ó sọ ọ́. Ó ní rárá, pé ṣé àwọn fẹ́ kí òun pe ọkọ òun lórúkọ ni? Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n ní ẹni náà ti kú. Ó ní bí ó bá kú, ṣé òun ti di ọmọ ilé ni? Ilé kejì, lọ́dọ̀ ẹnì kan tí òun àti olóògbé jọ ṣeré òṣùpá, ni wọ́n ti rí orúkọ náà gbà, nígbà tí atẹ̀wé ti fẹ́ máa ti ilẹ̀kùn.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀, ọmọ mi, ni ìyá tí ó mọ orúkọ tí kò sì lè pè é. Bí o bá fi irú rẹ̀ sínú ìtàn rẹ, tí ó di ọ̀ranyàn kí Àṣàkẹ́ dá ẹnì kan mọ̀ níwájú àwọn ìjòyè, tàbí kí ó ké sí ẹni tí ewu ń bọ̀ wá bá, ìwọ fúnra rẹ yóò rí i pé orúkọ yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán.

Má sì gbàgbé pé kì í ṣe ìyìn nìkan ni àwọn ìyàwó ń fi orúkọ ṣe. Ẹni tí ọmọ ọkọ bá ń rẹ́ jẹ lè sọ ọ́ lórúkọ tí etí àjèjì yóò gbọ́ bí oyin, tí àwọn orogún yóò sì máa fi apá bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Bí kò bá sì lè sọ ọ́ sí ènìyàn, ó lè sọ ọ́ sí ajá. Ajá tí ń jẹ́ Tanimọ̀la nínú agboolé, ẹni tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ bá wí mọ ara rẹ̀, ó sì gbọdọ̀ máa gbọ́ ọ láràárọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pe ajá wá jẹun.

Agbọ́tàn dáhùn:

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn pé kí gbogbo ènìyàn inú agboolé ní orúkọ báyìí nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rí nígbà náà. Ìtàn kì í ṣe ìwé ìkànìyàn. Mẹ́ta tó. Àwọn tí wọn kò ní ipa pàtàkì kó, ‘bàbá wa’, ‘ìyá ilé’ àti ‘ìyálé mi’ ti tó fún wọn. Mo tún rò pé bàbá àti ìyá Eyínfúnjowó kò ní láti máa pè é ní Àjọkẹ́ ní gbogbo ìgbà. Fi oríkì náà pamọ́ de ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ rọ̀ ọ́ tàbí kí wọ́n ṣìpẹ̀ fún un, nítorí pé ohun tí oríkì wà fún gan-an nìyẹn.

Bí o bá ń wá ọ̀rọ̀ tí ó bá ìgbà náà mu, àwọn ìwé kan wà tí ó súnmọ́ ọn ju ohun tí a ń rántí lọ. Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, gbé ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Bowen, Onítẹ̀bọmi tí ó wá dá iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, gbé gírámà àti ìwé atúmọ̀ tirẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1858, nígbà tí Àtìbà ṣì wà lórí oyè. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí o bá bá níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí Àṣàkẹ́ ti gbọ́ ọ rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni kí o mú, má ṣe mú ọ̀nà ìkọ̀wé rẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé kan wà tí wọ́n rò pé bí àwọn bá kọ ‘aiye’ àti ‘enia’, ìtàn àwọn ti gbó nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pe ayé àti ènìyàn lẹ́nu kò yí padà nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974. Ojú ni ó ń gbó, etí kò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan.

Èmi náà ní ẹ̀dùn ọkàn kan nípa owó. Ogójì owó ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Ẹrù orí ni ọ̀kẹ́ kan. Nígbà tí o bá dé ibi tí wọ́n ti ń san owó ìdána tàbí owó aṣọ òfì, jọ̀wọ́, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ̀kẹ́ mẹ́ta láti inú àpò ṣòkòtò.

Ọmọ Ajílété tún kọ̀wé:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà, ìwọ náà ṣeun, Agbọ́tàn. Mo ti dín àwọn tí Àṣàkẹ́ sọ lórúkọ kù sí mẹ́ta, mo sì ti fi àárọ̀ ọjọ́ kejì bẹ̀rẹ̀ orí náà. Màmá Ìbejì, ìyá tí kò gbà láti pe orúkọ ti wọ inú ìtàn, bí ẹ bá yọ̀ǹda fún mi. N óò yí gbogbo nǹkan mìíràn tí ẹnikẹ́ni lè fi dá agboolé yín mọ̀ padà. Èyí ni bí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣe rí báyìí:

*Àkùkọ ti kọ lẹ́ẹ̀kejì. Àṣàkẹ́ tẹ̀ ba, ó ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ bọ̀ láti ìhà ibi tí òfì wà. Ẹnì kan ṣí ilẹ̀kùn, ó ń fi pákò fọ eyín. Ó yọ pákò náà lẹ́nu, ó rẹ́rìn-ín, òkùnkùn tí ó wà níbẹ̀ kò sì lè bo eyín náà.*

*‘Ìyàwó, ṣé o sùn dáadáa?’*

*Àṣàkẹ́ kúnlẹ̀, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. ‘Mo sùn dáadáa, Eyínfúnjowó.’*

*Ọmọbìnrin náà tún orúkọ náà sọ lábẹ́ ahọ́n, bí ẹni tí ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí inú yàrá, ó ké sí àbúrò rẹ̀ pé kí ó wá gbọ́ ohun tí ìyàwó pe òun.*

Olùkọ́ Akẹ̀sán dáhùn:

Mo rí eyín náà, kò sì sí ẹni tí yóò béèrè ìtumọ̀ mọ́. Ìwọ̀nba àtúnṣe díẹ̀ ni mo ní. Jẹ́ kí ó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó kúnlẹ̀; ìyàwó tuntun kì í mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ kí ọmọ ọkọ, àwọn ìyálé yóò rí i, wọn yóò sì wí. Ìdáhùn rẹ̀ sì gbẹ jù. Ẹni tí ó jẹ́ àgbà nínú ilé ni ó bi í pẹ̀lú ‘o’, ó yẹ kí òun dá a lóhùn pẹ̀lú ‘ẹ’: ‘A dúpẹ́, ọkọ mi. Ẹ̀yin náà ńkọ́, Eyínfúnjowó, ṣé ẹ jí dáadáa?’ Fi ‘ọkọ mi’ ṣáájú ní ìgbà àkọ́kọ́ yìí, kí orúkọ náà tó tẹ̀lé e. Láti ìgbà kejì lọ, orúkọ náà lè dá dúró.

Ìyá Ìbejì láti Ìsàlẹ̀ Àfọ́n dáhùn:

Mo yọ̀ǹda. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní Èkó ti ń bèèrè ibi tí ìtàn náà dé. Nígbà tí o bá fẹ́ kọ ti ajá, sọ fún mi, nítorí pé mo mọ àwọn orúkọ kan tí n kò lè kọ síhìn-ín nígbà tí àwọn tí wọ́n ń fi bá wí ṣì wà láyé.